Máàkì méjì tó sọnù: bí wọ́n ṣe tún àmì ẹ̀yẹ ijó orí yìnyín Beijing pín

Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹjọ, ọdún 2024, Olympics ìgbà ooru ń lọ lọ́wọ́ ní Paris. Eré sísá, ìjàkadì, gbígbé irin, gbogbo rẹ̀ ló ń gbóná janjan. Àmọ́ ní Trocadéro, níbi tí èèyàn ti ń wo ilé gogoro Eiffel ní ọ̀ọ́kán, àwọn kan gun orí pèpéle láti gba àmì ẹ̀yẹ tí kò kan ìgbà ooru rárá. Oníjó orí yìnyín ni wọ́n. Ikọ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n jẹ́ mẹ́sàn-án, gba wúrà. Ikọ̀ Japan gba fàdákà. Ìdíje tí wọ́n torí rẹ̀ gbà á ti parí ní Beijing láti ọjọ́ 7, oṣù Kejì, ọdún 2022. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́fà géérégé ni wọ́n fi dúró dè é.

Ikọ̀ kan wà tí wọn kò pè síbẹ̀, tó sì dá a lójú pé òun ló ni ipò kẹta. Kánádà ni. Ọ̀rọ̀ tiwọn ni mo fẹ́ sọ jù lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Kamila Valieva, ọmọbìnrin Rọ́ṣíà oníjó orí yìnyín tí wọ́n bá oògùn nínú ìtọ̀ rẹ̀, bẹ́ sílẹ̀, gbogbo ayé ló ń sọ̀rọ̀ nípa oògùn, nípa ọmọdé, nípa Rọ́ṣíà. Ìgbà tó wá kan kí wọ́n tún àmì ẹ̀yẹ náà pín, tí ìṣirò dé, àwọn tó ń fetí sílẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ inú ìṣirò yẹn gan-an ni wọ́n ti rẹ́ àwọn kan jẹ.

Ká kọ́kọ́ mọ bí ìdíje náà ṣe rí. Ijó orí yìnyín tí àwọn òyìnbó ń pè ní figure skating pín sí ọ̀nà mẹ́rin: ọkùnrin tó ń dá jó, obìnrin tó ń dá jó, ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n jọ ń jó tí ọkùnrin ń gbé obìnrin sókè tó sì ń jù ú, àti ọkùnrin àti obìnrin tí tiwọn jẹ́ ijó ẹsẹ̀ pọ́ńbélé. Nínú ìdíje ti ikọ̀, orílẹ̀-èdè kan gbọ́dọ̀ ní oníjó ní ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ikọ̀ mẹ́wàá ló ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ní ọ̀nà kan gba máàkì 10 fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, ipò kejì gba 9, ipò kẹta gba 8, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wálẹ̀ títí dé 1. Lẹ́yìn ijó kúkúrú, ikọ̀ márùn-ún tó léwájú nìkan ló ń lọ jó ijó gígùn. Níbẹ̀, máàkì bẹ̀rẹ̀ láti 10, ó sì parí sí 6.

Ẹ fi ohun kan sọ́kàn níbi tí mo dé yìí, torí òun ni gbogbo ẹjọ́ náà dá lé. Máàkì yìí kì í ṣe ohun tí oníjó dá ní bí ẹni tó sáré mítà 100 tí aago sì ka ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀. Ipò ló bí i. Kí Kánádà ní 8 kò túmọ̀ sí nǹkan mìíràn ju pé èèyàn méjì ló wà níwájú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní Beijing, Rọ́ṣíà ló wà lókè pẹ̀lú máàkì 74. ROC ni wọ́n ń pè wọ́n nígbà náà, torí ìyà tí wọ́n ti fi jẹ orílẹ̀-èdè wọn lórí ọ̀rọ̀ oògùn tẹ́lẹ̀. Amẹ́ríkà ní 65, Japan ní 63, Kánádà ní 53. Valieva, ọmọ ọdún 15, ló jó ijó obìnrin méjèèjì fún Rọ́ṣíà, ipò kìíní ló sì ṣe nínú méjèèjì: 10 àti 10. Nínú ijó gígùn, ó fò sókè, ó yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mẹrin lófuurufú, ó sì balẹ̀ lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀ bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Kò sí obìnrin tó tíì ṣe irú rẹ̀ rí ní Olympics.

Ọjọ́ kejì ló yẹ kí wọ́n pín àmì ẹ̀yẹ. Wọn kò pín in.

Ìtọ̀ Valieva tí wọ́n gbà ní ọjọ́ 25, oṣù Kejìlá, ọdún 2021, níbi ìdíje abẹ́lé Rọ́ṣíà ní St Petersburg, ti wà ní ilé àyẹ̀wò kan ní Stockholm láti ìgbà náà. Ìgbà tí ìdíje ikọ̀ parí tán ni àbájáde rẹ̀ tó jáde. Wọ́n ní àrùn Kòrónà tó mú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló fà ìdádúró náà. Ohun tí wọ́n bá nínú ìtọ̀ ni trimetazidine, oògùn tí dókítà ń kọ fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ọkàn wọn tó, tí àyà fi ń dùn wọ́n. WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn nínú eré ìdárayá, ti kà á léèwọ̀ fún eléré yòówù, yálà ìdíje ń lọ tàbí kò lọ.

Ohun tó tẹ̀ lé e yára kánkán. RUSADA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn ní Rọ́ṣíà, dá a dúró. Ọjọ́ kejì ìgbìmọ̀ wọn tún tú u sílẹ̀. IOC tó ni Olympics, WADA, àti ISU tó ń ṣàkóso eré orí yìnyín lágbàáyé gbé e lọ sí CAS, kóòtù tó ń dá ẹjọ́ eré ìdárayá. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kejì, kóòtù ní kó máa jó lọ, torí ọmọdé ni, àti pé àbájáde àyẹ̀wò náà pẹ́ jù kó tó jáde. IOC wá kéde pé bí ó bá wọ ipò mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ìdíje àwọn obìnrin, àwọn kò ní ṣe ayẹyẹ ìgbàmì-ẹ̀yẹ kankan. Valieva léwájú lẹ́yìn ijó kúkúrú. Ní ọjọ́ 17, nínú ijó gígùn, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú, ipò kẹrin ló parí sí. Ẹni tó bá wò ó lọ́jọ́ yẹn kò ní tètè gbàgbé. Àánú ọmọ náà ṣe mí, ó ṣì ń ṣe mí. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé bí mo ṣe ń gbèjà Kánádà yìí, mo ń dá ọmọ ọdún 15 lẹ́bi gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ìgbìmọ̀ RUSADA ní kò jẹ̀bi, pé èsì ọjọ́ kan ṣoṣo, ti ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, ni kí wọ́n fagi lé. WADA àti ISU kò gbà, wọ́n tún gba CAS lọ. Àwọn agbẹjọ́rò Valieva ní oògùn bàbá rẹ̀ àgbà ló kó wọ inú oúnjẹ rẹ̀. Kóòtù ní ẹ̀rí wọn kò tó. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 2024, CAS dájọ́ pé kó má ṣeré fún ọdún mẹ́rin, kí wọ́n kà á láti ọjọ́ tí wọ́n gba ìtọ̀ náà, kí gbogbo èsì rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn sì di òfo.

Ọjọ́ kejì ìdájọ́ yẹn ni ISU kéde èsì tuntun. Wọ́n yọ 20 kúrò nínú 74, ó ku 54. Amẹ́ríkà bọ́ sí ipò kìíní, Japan bọ́ sí ipò kejì, Rọ́ṣíà já sí ipò kẹta. Kánádà dúró sí ipò kẹrin pẹ̀lú 53 rẹ̀. Máàkì kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn.

Ẹ wá wo ibi tí ẹsẹ̀ ti wọ́. Madeline Schizas ló jó ijó obìnrin méjèèjì fún Kánádà. Ipò kẹta ló ṣe nínú kúkúrú, ipò kẹta náà ló ṣe nínú gígùn, 8 àti 8. Èèyàn méjì ló wà níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Japan: Wakaba Higuchi nínú kúkúrú, Kaori Sakamoto nínú gígùn. Ìkejì ni Valieva, nígbà méjèèjì. Kóòtù sì ti sọ pé èsì Valieva ti di òfo. Bí èsì rẹ̀ bá ti di òfo, ẹnìkan péré ló ta Schizas yọ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ipò kejì ló wà nìyẹn, ipò kejì sì ń gba 9. 9 àti 9 jẹ́ 18, kì í ṣe 16. Fi méjì kún 53, ó di 55. Rọ́ṣíà ṣì wà lórí 54.

ISU kò sún ẹnikẹ́ni sókè. Wọ́n pa orúkọ Valieva rẹ́, wọ́n sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ṣe ni ó dà bí ẹni pé ẹnìkan tí kò lórúkọ ṣì jókòó sí ipò kìíní, tó ń gba 10 tí kò fún orílẹ̀-èdè kankan. Tí èèyàn mẹ́wàá bá tò, tí wọ́n wá lé ẹni àkọ́kọ́ torí pé kò yẹ kó tò rárá, ṣé ẹni tó tẹ̀ lé e á dúró síbi tó wà, kó máa wo àyè òfìfo níwájú rẹ̀ ni? Ìwé òfin ISU fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin 353 sọ pé nígbà tí wọ́n bá lé ẹnìkan, àwọn tó parí ìdíje tí ipò wọn wà lẹ́yìn tirẹ̀ yóò sún sókè. Orí rẹ̀ ni Kánádà dúró lé nígbà tí wọ́n pẹjọ́, tí àwọn oníjó wọn náà sì bá wọn pẹjọ́.

ISU ní ìdáhùn, mi ò sì ní fi pamọ́. Wọ́n ní òfin yẹn kò sọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n tún máàkì pín nínú ìdíje ikọ̀, àti pé bí wọ́n bá tún un pín, ó lè ṣàkóbá fún ikọ̀ mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn rárá. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe àlá. Ẹ jẹ́ ká ní ẹni tí wọ́n lé ṣe ipò kẹrin. Ẹni tó ṣe ipò kẹta kò ní rí nǹkan kan kún tirẹ̀, torí ìwájú ló wà. Ẹni tó ṣe ipò karùn-ún máa rí máàkì kan. Bí orílẹ̀-èdè àwọn méjèèjì bá sún mọ́ra, ẹni karùn-ún lè ta ẹni kẹta yọ láìjẹ́ pé ó ṣe ohunkóhun láti fi borí rẹ̀. Ó tún lè ṣẹlẹ̀ pé ikọ̀ kan pàdánù ijó gígùn pẹ̀lú máàkì kan, tí ìṣirò ọdún kejì wá fi hàn pé ó yẹ kó wà níbẹ̀. Ijó tí èèyàn kò jó, kò sẹ́ni tó lè fún un ní máàkì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo jókòó ṣírò ti Beijing, kò sí ọ̀kankan nínú ìyẹn níbẹ̀. Ipò kìíní ni Valieva wà, kò sí ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Tí gbogbo èèyàn bá sún sókè, ikọ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó kù á rí máàkì kan kọ̀ọ̀kan látinú ijó kúkúrú, àwọn mẹ́rin tó kù nínú ijó gígùn á tún rí ọ̀kan sí i. Amẹ́ríkà á di 67, Japan á di 65, Kánádà 55. Láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ oògùn kò kàn, kò sí ẹni tó máa ta ẹnìkejì yọ, kò sí ẹni tó máa bọ́ sẹ́yìn. Ikọ̀ kan ṣoṣo ni ipò rẹ̀ máa yí padà sí burúkú, òun náà sì ni ikọ̀ tí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ ti wá. Níbi yìí ni mi ò ti lè gba ti ISU.

CAS dá ẹjọ́ Kánádà nù kí ayẹyẹ Paris tó wáyé. Wọ́n ti dá ti Rọ́ṣíà náà nù ní ọjọ́ 25, oṣù Keje. Tiwọn ni pé kí wọ́n dá wúrà àwọn padà. Kóòtù ti sọ tirẹ̀. Ẹjọ́ lè tán, kí ìbéèrè má tán.

Àwọn kan wà tó ní ISU ì bá ti lé gbogbo ikọ̀ Rọ́ṣíà dànù, kí àlàáfíà sì jọba. Ohun tí wọ́n ń sọ yé mi, àmọ́ mi ò bá wọn lọ. Ẹ wo eré sísá ẹlẹ́ni mẹ́rin, èyí tí wọ́n ń gbé ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́. Ní Beijing ọdún 2008, Jamaica gba wúrà nínú mítà 100 ẹlẹ́ni mẹ́rin. Wọ́n tún ìtọ̀ Nesta Carter yẹ̀ wò ní 2016, wọ́n bá oògùn tí kò yẹ nínú rẹ̀, nígbà tó fi di oṣù Kìíní ọdún 2017 IOC gba wúrà náà lọ́wọ́ gbogbo wọn, tó fi mọ́ Usain Bolt. Trinidad àti Tobago wọ ipò kìíní, Japan ìkejì, Brazil ìkẹta. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, àmọ́ nínú eré ọ̀pá, ìka kan kò ṣeé yọ lára ọwọ́. Àkókò kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ní. Ta ló máa sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó jẹ́ ti Carter, kí wọ́n yọ ọ́?

Ti ijó orí yìnyín yàtọ̀. Mark Kondratiuk dá jó tirẹ̀. Anastasia Mishina àti Aleksandr Galliamov jó tiwọn, Victoria Sinitsina àti Nikita Katsalapov náà jó tiwọn. Wọ́n kọ máàkì kálukú sílẹ̀ lọ́tọ̀, ó ṣeé yà sọ́tọ̀. Kí wọ́n má fi ẹ̀ṣẹ̀ Valieva jẹ àwọn márùn-ún wọ̀nyí níyà, mo fara mọ́ ọn. Ìlànà WADA pàápàá fi irú ìpinnu yìí sílẹ̀ fún àjọ tó ni eré. Ṣùgbọ́n kí a má fìyà jẹ aláìṣẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, kí aláìṣẹ̀ náà máa jèrè ohun tí kò tọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ohun méjì ni ijó Valieva ṣe ní Beijing. Ó kó 20 wá fún Rọ́ṣíà, ó sì ti àwọn tó kù sẹ́yìn ní ipò kọ̀ọ̀kan. ISU tún èyí àkọ́kọ́ ṣe, wọ́n fi èkejì sílẹ̀ bó ṣe wà. Àtúnṣe ìlàjì ni.

Gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ torí pé wọn kò kọ òfin tó ṣe kedere sílẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Èyí kì í sì ṣe àkọ́kọ́. Ní Sydney ọdún 2000, Amẹ́ríkà gba wúrà nínú mítà 400 ẹlẹ́ni mẹ́rin ti ọkùnrin, Nàìjíríà gba fàdákà. Lẹ́yìn náà ló hàn pé Jerome Young, tó sáré fún Amẹ́ríkà nínú ìpele ìbẹ̀rẹ̀, ti ní ọ̀rọ̀ oògùn lọ́rùn láti 1999, kò yẹ kó sáré. Àjọ eré sísá àgbáyé fẹ́ gba wúrà náà. Ní 2005, CAS ní kò ṣeé ṣe, torí òfin tó wà ní 2000 kò sọ pé kí ikọ̀ pàdánù nítorí ẹni tó sá ìpele ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Ó di 2008, nígbà tí Antonio Pettigrew, tó sá àṣekágbá gan-an, jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn, kí IOC tó gbà á lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Oṣù Keje ọdún 2012 ni wọ́n fọwọ́ sí i pé Nàìjíríà ló ni wúrà. Clement Chukwu, Jude Monye àti Enefiok Udo-Obong rí ọjọ́ náà. Sunday Bada, ẹnìkẹrin wọn, ti kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2011.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ń sọ pé àtúnpín dáadáa, mi ò lè yọ àkókò kúrò níbẹ̀. Láti 2018, IOC ti fún àwọn tí àmì ẹ̀yẹ pẹ́ dé ọwọ́ wọn láàyè láti mú ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́fà tí wọ́n lè gbà á: níbi Olympics tó ń bọ̀, ní orílé-iṣẹ́ IOC, lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ Olympics orílẹ̀-èdè wọn, títí dé ìkọ̀kọ̀ láàárín ẹbí. Ó dára, ó sàn ju kí wọ́n fi àpò ránṣẹ́ sí èèyàn lọ. Àmọ́ ní Beijing, àwọn oníjó Amẹ́ríkà bẹ CAS pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gba tàwọn kí Olympics tó parí, wọn kò gbà fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ìṣirò kankan kò sí tó lè mú Amẹ́ríkà wálẹ̀ ju fàdákà lọ, tàbí tó lè mú Japan wálẹ̀ ju idẹ lọ. Ó yẹ kí ọ̀nà kan wà tí wọ́n á fi fún èèyàn ní èyí tó dájú pé ó jẹ́ tirẹ̀, kí wọ́n sì fi ìyókù kún un bí ẹjọ́ bá parí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ISU kọ sínú òfin kò pọ̀. Kí wọ́n sọ ọ́ ní gbangba pé bí wọ́n bá lé oníjó kan nínú ìdíje ikọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sún sókè ní ìpele tí ó ti jó, máàkì wọn náà á sì tẹ̀ lé ipò wọn. Bí ìsúnsókè yẹn bá máa jẹ́ kí ikọ̀ mímọ́ kan ta ikọ̀ mímọ́ mìíràn yọ, kí àwọn méjèèjì jọ di ipò náà mú. Kò sí òfin tó sọ pé wúrà tàbí idẹ kò lè ju ẹyọ kan lọ. Kí wọ́n sì fi iye ọjọ́ sí i tí ẹjọ́ irú èyí gbọ́dọ̀ parí, pàápàá bó bá kan ọmọdé. Lóòótọ́, ISU ti gbé ọjọ́ orí tí oníjó gbọ́dọ̀ pé kó tó bá àwọn àgbà díje sókè láti 15 sí 17, oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n dìbò fún un. Ìyẹn á dáàbò bo àwọn ọmọ tó ń bọ̀. Kò kan ìṣirò.

Kirsten Moore-Towers àti Michael Marinaro ti fẹ̀yìn tì. Vanessa James àti Eric Radford náà ti fẹ̀yìn tì. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú ikọ̀ Kánádà ní Beijing, wọn kò sì ní jó Olympics mìíràn. Nínú ìwé èsì, 54 ló wà fún Rọ́ṣíà, 53 ló wà fún Kánádà. Ní Trocadéro ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ, nígbà tí wọ́n pe Amẹ́ríkà àti Japan tán, kò sí ẹnikẹ́ni tó dúró ní ipò kẹta.